Bí Màámi Ṣe Fi Àjẹ̀ Sọ̀ Kalẹ̀ Lórí Àpáta

Kò sí àlejò tó máa wọ pálọ̀ wa ní Ìdànrè fún ìgbà àkọ́kọ́ tí kò ní gbójú sókè, kó béèrè ohun tí àjẹ̀ ń wá lára ògiri wa. Ìlú olókè nìyí. Òkè ló wà lọ́tùn-ún, òkè ló wà lósì, bí o bá sì fẹ́ rí omi tí wọ́n ń tukọ̀ lórí rẹ̀, wàá rìn jìnnà. Mo ti dáhùn ìbéèrè yẹn títí ó fi sú mi. Nígbà mìíràn, bí ara mi ò bá yá, mo máa ń sọ pé a fi ń ro ọkà ni. Àwọn kan gbà á gbọ́ o! Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, ọmọ mi obìnrin, Tómi, tó wà ní Kánádà, fi fídíò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn wọ bàtà gígùn gbọọrọ kan báyìí, wọ́n di ọ̀pá mú lọ́wọ́ méjèèjì, wọ́n ń yọ̀ bọ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò mọ́lẹ̀, wọ́n ń kígbe ayọ̀. Mo wá Tómi títí, n ò rí i. Ohùn rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn fóònù: "Ẹ rọra o! Mo ní ẹ rọra!" Nígbà tí mo pè é, ó ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń lọ síbẹ̀, pé òun nìkan ló máa ń jókòó sísàlẹ̀, tí òun á máa ṣọ́ ẹ̀wù wọn. "Màámi, gígùn ún ò burú, ẹ̀rọ ló ń gbé èèyàn lọ sókè. Sísọ̀ kalẹ̀ gan-an lẹ̀rù ẹ̀ wà." Ẹ̀rín pa mí. Mo ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu, pé ìran ni, ìyá mi ló jogún. Mo wá sọ ìtàn àjẹ̀ náà fún un, odindi rẹ̀, láìfi fọ́nrán kan pamọ́.

Ilé wa fẹ̀yìn ti àpáta. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn òkè ńláńlá tí àwọn àlejò ń wá yà ní fọ́tò o; lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn yẹn, tiwa ò ju òkúta ìdáná lọ. A ò tilẹ̀ fún un lórúkọ. Ẹ̀yìn Ilé la ń pè é. Ó dìde lẹ́yìn ilé ìdáná, ó rọra ń ga lọ, ó dán, ó fẹ̀, títí ó fi dé òkè, níbi tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí oòrùn bá ti ràn sí i, ooru rẹ̀ á máa fẹ́ sí wa lára níbi tí a ti ń dáná. Bí ìrọ̀lẹ́ bá sì dé, ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, a máa ń fẹ̀yìn tì í jẹun. Ariwo ilé yẹn ò kúrò létí mi títí dòní: agogo tí Bàámi fi ń jí wa fún àdúrà, nítorí Aládùúrà paraku ni wá, ìpè àdúrà láti ilé Àlájì tó ń ta aṣọ níwájú ilé wa, ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Bàámi, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn gbá àgbàlá torí ó ní àwa ò mọ kọ̀rọ̀ gbá. Gbogbo ariwo wọ̀nyí ni àpáta máa ń gbà, tí á sì dá a padà fún wa. Bí ẹ bá pe ewúrẹ́, àpáta náà á bá yín pè é. Ìyá Àgbà máa ń kìlọ̀ fún wa pé, "Ẹ má sọ̀rọ̀ burúkú nínú ilé yìí o, ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa gbọ́ ọ." Títí mo fi dàgbà, mo rò pé nínú gbogbo ilé ayé ni nǹkan ti ń rí bẹ́ẹ̀.

Orí àpáta yẹn ni gbogbo obìnrin ilé wa ti ń sá nǹkan: láfún, ata, ilá, kòkó tí kò bá gba ojú ẹní nísàlẹ̀. Kò sí ibi tí nǹkan ti ń tètè gbẹ tó o. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ló ní ààyè tirẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ la fi ń pa ààlà. Bí ìyàwó tuntun bá wọlé, Ìyá Àgbà á mú un gòkè, á fi ààyè tirẹ̀ hàn án, á ní, "Ibi tí wàá ti máa rí oòrùn nílé wa nìyí." Ọmọ lè ru apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sá ohun tó fẹ́ sá. Ìyá ọkọ àti ìyàwó ọmọ rẹ̀ nìkan ló lè ṣojú fún ara wọn. Ààyè tí ìyàwó kan ò bá sì lò títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí, tí òjò àkọ́rọ̀ wá bá a lófìfo, ti ìyàwó mìíràn ni. Kò sí ìjà níbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe é látọjọ́ pípẹ́ nìyẹn. Ààyè Màámi wà láàárín gbùngbùn, níbi tí oòrùn ti ń pẹ́ jù, nítorí Ìyá Àgbà fẹ́ràn rẹ̀. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé Màámi kì í dé ibẹ̀.

Àbí kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ó lè gùn ún. Sísọ̀ ni kò lè sọ̀. Ọmọ Ìlàjẹ ni Màámi, etí omi ni wọ́n bí i sí, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ ojú omi lọ sọ́jà, tí wọ́n ń fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n tún ń fi í lọ kí aládùúgbò. Ó máa ń sọ pé, "Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ohun tó ga ju orí èèyàn lọ." Lọ́jọ́ tí Ìyá Àgbà mú un gòkè gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, wọ́n ní ẹ̀rín ló ń rín gùn ún. Nígbà tó yíjú padà, tó rí òrùlé ilé ọkọ rẹ̀ nísàlẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di àpáta mú. Ó jókòó. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fà á lọ́wọ́, wọ́n ní kó dijú, ó ní òun ò lọ síbì kankan. Oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kí Bàámi àti àwọn àbúrò rẹ̀ tó gbé e sọ̀ bí ẹni gbé àpò kòkó, gbogbo ará ilé sì dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Ṣadé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Bàámi, ti sọ ọ́ lórúkọ: Gbé-mi-sọ̀. Orúkọ yẹn lẹ̀ mọ́ ọn. Ó ń jẹ́ ẹ, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀ mọ ẹ̀rín tó ti inú wá, mo sì mọ èyí tó wà létè lásán.

Nítorí àpáta yìí, púpurú ni Màámi ń ṣe. Púpurú ò nílò kí wọ́n sá a sóòrùn: wọ́n á rẹ pákí, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣù ú rogodo, wọ́n á wá tò ó sórí àjà iná kó máa gbẹ nínú èéfín. Ó dùn o! Bí ẹ bá fi púpurú tó gbóná àti ọbẹ̀ ẹja tútù síwájú mi lónìí, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ títí màá fi ṣe tán. Ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ a máa bo gbogbo ilé, Ìyá Ṣadé á sì máa wúkọ́ tìlútìfọn láti yàrá rẹ̀. "Gbé-mi-sọ̀! Ṣé bí ẹja lo fẹ́ yan wá ni?" Màámi á ní, "Ẹ má bínú, Ìyá Ṣadé, ó kù díẹ̀." Ẹ má fi ojú ìkà wo Ìyá Ṣadé. Ọmọ rẹ̀ pọ̀, ẹnu tó ń bọ́ pọ̀, ààyè tirẹ̀ lórí àpáta ò gba láfún rẹ̀ mọ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ààyè tó ṣófo nítòsí tirẹ̀. Ta ni kò ní wò ó?

Lọ́dọọdún, Ìyá Àgbà ló ń ṣojú Màámi. Á bá a sá ata díẹ̀ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Ọdún tí mò ń sọ yìí ni orúnkún Ìyá Àgbà kọ iṣẹ́. Ó dé ìdí àpáta, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó padà wá jókòó sórí àpótí rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. "Ìyàwó," ó ní, "ẹsẹ̀ mi ò gùn ún mọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ fúnra rẹ ni." Màámi kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú jẹ́ kí Ìyá Ṣadé máa lò ó. Ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe." Ìyá Àgbà ní, "Kí n gbé e fún un kẹ̀? Bó bá dọ̀la, tí ọmọ rẹ obìnrin béèrè ibi tí ìyá rẹ̀ ń sá láfún sí nínú ilé yìí, ibo la fẹ́ nawọ́ sí?" Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́. Èmi ni ọmọ obìnrin náà. Títí di ìgbà yẹn, mo rò pé àwa náà ní ibẹ̀ títí ayé ni. Màámi dìde, ó padà sídìí èéfín rẹ̀, ó ń nu ojú, n ò sì mọ̀ bóyá èéfín ni.

Bàámi wà nítòsí lọ́jọ́ náà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bàámi jẹ́ fún yín. N ò rò pé ẹnì kan wà ní gbogbo Ìdànrè tó ń ṣọ́ra tó o. Kó tó jókòó sórí àga, á kọ́kọ́ fọwọ́ mì ín. Bó bá fẹ́ wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀wẹnà, á yí mọ́tò náà po, á fẹsẹ̀ gbá táyà kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ á máa fọn fèrè, àwọn èrò á máa pòṣé. Gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló ń jókòó sórí èèpo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, tí wọ́n ń fi yọ̀ wálẹ̀ láti orí àpáta, fìrìì bí ẹní jù wọ́n nù. Èmi àti Dàpọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìkan la ò gbọ́dọ̀ dán an wò. Nítorí náà, ẹ wo bí ẹnu ṣe yà wá tó nígbà tí Bàámi bọ́ sùtánà rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan, tó wọ ṣòkòtò oko, tó kó àpò ìdọ̀họ tí a fi ń di kòkó sábẹ́ apá, tó ní, "Ó yá, gbogbo ilé. A fẹ́ lọ máa yọ̀ lórí àpáta." Dàpọ̀ béèrè bóyá ara Bàámi ò yá. Eré lásán ni èmi pè é. Mo ti ní ọmọ tèmi kó tó yé mi yékéyéké: ọkùnrin náà ò lè sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó má bẹ̀rù, nítorí ẹ̀rù ń ba òun alára. Ló bá kó gbogbo ilé rẹ̀ jọ, kí a lè jọ máa bẹ̀rù pọ̀, bóyá á fúyẹ́.

Eré Bàámi ní òfin ju ti ìjọ lọ. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò wọlé, ó ń yọ̀ jù; àpò ìdọ̀họ la gbọ́dọ̀ jókòó lé, torí ó máa ń di àpáta mú. Kò sí dídúró. Kò sí gbígba ọ̀nà tààrà wálẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ la ó máa gbà, ká lọ sọ́tùn-ún díẹ̀, ká bọ̀ sósì díẹ̀, bí ẹni ń hun agbọ̀n. Gìgísẹ̀ ni bíréèkì. Ẹni tó wà lókè ò sì gbọdọ̀ gbéra títí ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fi dìde, kó gbọn ìdí rẹ̀ nù, kó kígbe pé, "Halelúyà!" Àpáta á gba halelúyà náà, á dá a padà. Kí àwa tó yọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn ọmọ àdúgbò ti yọ̀ títí ó ti sú wọn, wọ́n ti jókòó, wọ́n ń wò wá. Ilé Ẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń pè wá. Ìyàwó Àlájì yọjú lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìsìn lẹ ń ṣe lókè yẹn ni àbí eré?" Bàámi ní méjèèjì ni. Ọlọ́run ló mọ̀, n ò tíì gbádùn ohunkóhun láyé tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ni mo fi ń retí ọjọ́ ìsinmi, bí àpò yẹn ṣe ń gé mi nítan tó, bí oòrùn ṣe ń pa wá tó, bí Bàámi ṣe ń kígbe "gìgísẹ̀! gìgísẹ̀!" láti ìsàlẹ̀ tó.

Màámi máa ń jókòó sídìí àpáta, á yan ọ̀gẹ̀dẹ̀ dè wá, á máa ṣọ́ bàtà wa. Bàámi ò ní fipá pè é. Á kàn jókòó tì í, á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́nu, á ní, "Ìyá Dàpọ̀, ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi." Màámi á máa fẹ́ná lọ. "Mo ti gbọ́ bó ṣe ń gùn ún, Bàbá Dàpọ̀. Ẹ sọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ fún mi." Ìyá Àgbà á rẹ́rìn-ín títí á fi fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Ọ̀sẹ̀ ń lọ, ọyẹ́ ń kásẹ̀ nílẹ̀, Ìyá Ṣadé ti ń rẹ pákí tó pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, Màámi gbà láti dán an wò ní ibi rírẹlẹ̀, níbi tí àpáta ò tíì ga ju àyà èèyàn lọ. Bàámi jókòó sẹ́yìn, Màámi síwájú, lórí àpò kan náà. Wọ́n gbéra. Àpò náà fì sọ́tùn-ún díẹ̀. Ẹ ti mọ ohun tí ọmọ Ìlàjẹ máa ń ṣe bí ọkọ̀ ojú omi bá fì sọ́tùn-ún: á ju ara rẹ̀ sósì kíá, kí ọkọ̀ má baà dojú dé. Ohun tí Màámi ṣe nìyẹn. Àpáta kì í ṣe omi. Àwọn méjèèjì yí gbirigbiri, ó di àárín kókò tí Ìyá Àgbà gbìn. Kò sẹ́ni tó fara pa, àfi kókò. Màámi yọ ewé lórí, ó ní, "Mo ti ṣe é. Ó parí. Ẹ fún Ìyá Ṣadé." Ó wọlé lọ, inú mi sì bàjẹ́ débi pé n ò lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi.

Bàámi rò ó títí. Ó ní ìṣubú ló ń ba Màámi lẹ́rù. Bí ìsàlẹ̀ bá rọ̀, ẹ̀rù náà á lọ. Ìkórè kòkó ò tíì parí tán, oko wa ò sì jìnnà. Òun àti Dàpọ̀ ń fi apẹ̀rẹ̀ ru èèpo kòkó tútù wálé, wọ́n ń dà á sídìí àpáta, títí ó fi di òkìtì. Ó tẹ́ ẹ dáadáa, ó fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò, ó mi orí. Ó rọ̀ lóòótọ́. Ohun tí àgbẹ̀ kòkó látinú oyún rẹ̀ gbàgbé, n ò mọ bó ṣe gbàgbé rẹ̀, ni pé bí èèpo kòkó bá wà lójú kan fún ìgbà díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ omi, omi náà a sì máa yọ̀ ju ọṣẹ lọ. Nígbà tí ọjọ́ ìsinmi pé, Bàámi pe gbogbo ilé jáde. Bí ó ti máa ń ṣe, òun ló kọ́kọ́ fẹ́ dán an wò. Ó rọra ń bọ̀, ó gba ọ̀tún, ó gba òsì, ó fi gìgísẹ̀ di àpáta mú, ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń bọ̀: "Ṣé ẹ rí i? Kò sí wàhálà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni." Ó kan èèpo kòkó. Yéè! Fìrìì ló gba àárín rẹ̀ kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, ó wó ọgbà ewúrẹ́, ó wọlé lọ. Ewúrẹ́ fọ́n ká. A ò mọ̀ bóyá ká ké. Láti àárín àwọn ewúrẹ́ ni a ti wá gbọ́ ohùn kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Halelúyà."

Màámi ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín etè o. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀, ó na ẹsẹ̀, ó lu itan, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àpáta ń gba ẹ̀rín náà, ó ń dá a padà, Ìyá Ṣadé ń pariwo pé kí wọ́n gba òun lọ́wọ́ ẹ̀rín, Ìyá Àgbà ń pe Jésù. Bàámi jáde, èèpo kòkó kan lé téńté sórí rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, Màámi nu ojú, ó ń bá a ṣa ìdọ̀tí lára. Ó ní, "Bàbá Dàpọ̀, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ibi tó rọ̀ tí mo máa ṣubú sí lẹ ń bá mi wá. Èmi ò fẹ́ ṣubú rárá. Nǹkan tí màá dì mú ni mo fẹ́. Lójú omi, a kì í fi ẹsẹ̀ dá ọkọ̀ dúró. Àjẹ̀ la fi ń ṣe é." Bàámi dúró, ó wò ó. "Àjẹ̀?" "Àjẹ̀." Ìyá Àgbà ní láti orí àpótí rẹ̀, "Ọ̀nà kan ò wọjà. Ẹ wá àjẹ̀ fún un."

Wọ́n ránṣẹ́ ẹnu sí àbúrò Màámi ní Ìgbókòdá, tó máa ń gbé ẹja wá tà lọ́dọ̀ wa. Ẹja ló gbé lórí, àjẹ̀ ló gbé lọ́wọ́, gbogbo ọ̀nà láti gáréèjì ni àwọn ọmọdé fi ń tẹ̀ lé e. Bó ṣe wọlé, ó wo àgbàlá yíká, ó wo òkè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ti yalé yín ni?" Bàámi gba àjẹ̀, ó mì ín, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó gé rọ́bà lára táyà àtijọ́, ó fi wé ẹnu rẹ̀ kó lè di òkúta mú. Ní ibi rírẹlẹ̀, Màámi jókòó sórí àpò, òun nìkan lọ́tẹ̀ yìí, ó na àjẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ apá, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ àpáta. Bó bá tẹ̀ ẹ́, àpò á dúró. Bó bá dẹ̀ ẹ́, àpò á lọ. Bó bá yí i díẹ̀, àpò á yà síbi tó fẹ́. Ó ṣe é títí tí a fi jẹun tán, ó padà lọ tún un ṣe. Mo rí ojú rẹ̀. Ojú ẹni tó ti délé ni.

Àárọ̀ ọjọ́ tó gòkè, oòrùn wà, ṣùgbọ́n kùrukùru ti ń kóra jọ lẹ́yìn àwọn òkè ńlá, gbogbo àgbàlagbà sì mọ̀ pé òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ mọ́. Abọ́ ńlá pákí rírẹ Ìyá Ṣadé ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òun náà ń wò. Màámi ru apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, èmi gbé àjẹ̀ àti àpò tẹ̀ lé e. A dé òkè, ó bọ́ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ tó pa ààlà ààyè rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n láfún. Ó tẹ́ ẹ débi gbogbo, kò fi igun kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà, òrùlé ilé ọkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ bó ṣe wà lọ́jọ́sí. Ó jókòó. Mo gbọ́ tí ó ń mí. Mo fẹ́ di aṣọ rẹ̀ mú, n ò mọ̀ bóyá torí tirẹ̀ ni àbí torí tèmi. Nísàlẹ̀, Bàámi na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ tí wọ́n jù sókè. Màámi rí i, ó gbé ohùn sókè: "Bàbá Dàpọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúrò lọ́nà." Ó fa àpò sábẹ́ ara rẹ̀, ó tẹ àjẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbéra.

Ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ìró àjẹ̀ lórí òkúta, ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, lọ sọ́tùn-ún, á dúró, á mí. Ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀, bọ̀ sósì, á dúró, á mí. Ìgbín á yára jù ú lọ. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin kan tí wọ́n fi ń tukọ̀ nílé wọn, mo sì gbọ́ tí ohùn rẹ̀ ń le sí i bó ṣe ń sún mọ́lẹ̀. Ó kan ilẹ̀. Ó dìde fúnra rẹ̀, ó gbọn ìdí rẹ̀ nù. Gbogbo wa ń retí halelúyà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò lè sọ ọ́, ó kàn dúró, ó di àjẹ̀ mú. Ìyá Ṣadé ló sọ ọ́. Ó ṣí ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Halelúyà, Ìyá Dàpọ̀." Kò pè é ní Gbé-mi-sọ̀ mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá Àgbà ò pàtẹ́wọ́, kò sọ̀rọ̀ ìwúrí kankan. Ó tọ́ka sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, ata tèmi wà nínú apẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Bá mi gbé e gòkè, kó o sá a sí ààyè tèmi." Màámi kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Ó gbé apẹ̀rẹ̀ náà, ó tún gòkè lọ. Láti ọjọ́ náà títí Ìyá Àgbà fi sùn nínú Olúwa, òun ló ń sá nǹkan sí ààyè méjèèjì. Ibẹ̀ wà níbẹ̀ dòní. Ilá mi ló wà níbẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Láàárọ̀ àná, Tómi fi fídíò mìíràn ránṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ló yà á. Mo gbé fóònù lọ bá Màámi nínú àga rẹ̀ lábẹ́ àjẹ̀ ara ògiri, níbi tó máa ń jókòó sí láti ìgbà tí Bàámi ti lọ, mo fi awò ojú sí i lójú. Tómi ń bọ̀ láti orí òkè yìnyín, ó fi ọ̀pá méjèèjì di ilẹ̀ mú, ó lọ sọ́tùn-ún, ó dúró, ó mí. Ó bọ̀ sósì, ó dúró, ó mí. Àwọn ọmọ kéékèèké ń kọjá lára rẹ̀. Nígbà tó délẹ̀, ó gbé ọ̀pá kan sókè, ó kígbe halelúyà láàárín àwọn òyìnbó. Màámi ní kí n tún un ṣe. Mo tún un ṣe. "Ó di ọ̀pá mú dáadáa," ó ní. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí kò jókòó?" Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó sún un mọ́jú, ó ń wo ìsàlẹ̀ òkè yẹn, níbi tí yìnyín ti funfun, tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó wò ó pẹ́. "Bàbá yín," ó ní, "ì bá ti kó èèpo kòkó síbẹ̀ yẹn dè é."